Àwo Tó Dojú Bolẹ̀

Ọbẹ̀ ti jinná, búrẹ́dì ti wà ní gígé, àwo ti tò lórí tábìlì, síbẹ̀ ara Alásè ò balẹ̀. Ó ro ìkòkò títí kò fi sí ohun tó kù láti rò mọ́, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ṣíbí tó ti nù tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọbẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn méjì tó fẹ́ fún lọ́bẹ̀ jẹ ló ń bà á lẹ́rù: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí. Bàbá àtọmọ ni wọ́n, àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò tíì jọ jẹun, wọn ò tíì kí ara wọn. Lọ́la ni ọmọ náà ń rìnrìn àjò. Ó ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa padà. Bàbá rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí wọn ò bá bára wọn sọ̀rọ̀ lónìí, ó lè jẹ́ pé lójú oorun nìkan ni wọ́n tún ti máa ríra wọn.

Alásè ti pe àwọn méjèèjì, kò sì sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé èkejì ń bọ̀. Ó mọ̀ pé iná lòun ń bù sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n òun ló gba ọmọ yẹn sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ sì ti rí ẹkún tó pọ̀ jù.

Ẹgbẹ́ Wò-ó-Jẹ-ẹ́ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń pàdé, ní yàrá òkè nílé Atukọ̀. Ọkùnrin yẹn ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi títí eegun rẹ̀ fi kọ̀ ọ́, kò sì kó nǹkan kan bọ̀ wálé ju fíìmù ilẹ̀ òkèèrè àti èdè oríṣiríṣi lọ. Fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ wò, òun ló máa ń fi èdè wa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, fíìmù á bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ará inú fíìmù bá ti jókòó láti jẹun báyìí, Atukọ̀ á dá a dúró, á tanná, àwọn náà á sì jẹ ohun kan náà gan-an. Ibi tí wọ́n bá ti ń jẹun ni Alága á ti máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe?" Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ tó dáhùn. Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn tán ni wọ́n tó máa wo ìyókù. Alága nìkan ni kì í dáhùn. Ó ní adájọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Alága yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n Alásè. Awọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún àwọn èèyàn ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí, kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀. "Ohun tí kò bá sí lórí tábìlì wọn, kò gbọdọ̀ sí lórí tiwa." Òfin rẹ̀ nìyẹn, ó sì le ju òkúta lọ. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni Onígbàjámọ̀ sọ pé oúnjẹ aláìsàn làwọn ará inú fíìmù máa ń jẹ, ló bá fa iyọ̀ tó dì sínú bébà yọ lápò. Alága gba iyọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí tíṣà bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. "Ṣé o rí iyọ̀ lórí tábìlì wọn ni?" Láti ìgbà náà, bí Onígbàjámọ̀ bá ń jẹun níbẹ̀, ojú ẹni tó ń lo oògùn ló máa ń ṣe.

Alásè fẹ́ràn òfin yìí, torí ó fún iṣẹ́ rẹ̀ níyì. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rò. Atukọ̀ kì í kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù tán títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó. Nítorí náà, bí Alásè bá fẹ́ wo fíìmù ṣáájú kó lè mọ ohun tó máa sè, ńṣe ló máa ń wò ó láìgbọ́ gbólóhùn kan. Ojú ló fi ń gbọ́ ọ. Ó lè sọ iye àlùbọ́sà tí wọ́n gé fún ọ, àti bóyá wọ́n fi ọwọ́ òsì da omi sí i. Bí o bá bi í pé kí ló ń pa obìnrin inú fíìmù náà lẹ́kún, á ní òun rò pé àlùbọ́sà náà ni.

Nínú fíìmù tọ̀tẹ̀ yìí, ó rí ìdílé kan ní ilẹ̀ olótùútù, yìnyín bo gbogbo ìta ilé wọn. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun pẹ̀lú kábéèjì, wọ́n gé búrẹ́dì dúdú, wọ́n bọ èso sínú omi ṣúgà. Wọ́n to àwo sórí tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá ilé náà, wọ́n dojú àwo kan bolẹ̀, wọ́n sì fi ṣíbí rẹ̀ dábùú ìdí àwo náà. Kò pẹ́, ọmọbìnrin kan ti inú yìnyín wọlé tòun ti báàgì, ó wá dúró níwájú àwo ọ̀hún. Alásè lu itan rẹ̀. Ó ní àwọn wọ̀nyí mọ iyì àlejò, wọ́n tọ́jú àwo ọmọ tó lọ sájò, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé kí eruku má bà á. Kí ni ìbá tún bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀? Kò bi Atukọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nígbà tí Alága wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ́kọ́ yí tábìlì po kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ń wọn nǹkan. Ó dúró níwájú àwo tó dojú bolẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tirẹ̀ gan-an.

"Èyí ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i, Bùrọ̀dá mi," Alásè dáhùn. "Àlejò ló ni ín. Àlejò kan ń bọ̀ wá bá wa jẹun."

Alága fi ìka kan sún ṣíbí orí àwo náà díẹ̀ kó lè gún régé. "O káre. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, àfi bí wọ́n bá ṣí i níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n jókòó. Ìyá Olóògùn tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ ilé wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ká mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í pé méjì, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀. Atukọ̀ pa iná.

Alásè ò rí fíìmù kankan wò. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ó ti sọ fún ọmọ náà pé kó pẹ́ dé díẹ̀, kó jẹ́ pé òkùnkùn ni wọ́n máa wà nígbà tó bá máa wọlé, kí bàbá rẹ̀ má lè rí àyè sá. Ó ń rántí ọjọ́ burúkú yẹn. Ọmọ náà ni ìyá rẹ̀ lọ kí, nígbà tí inú rírun dédé gbé e dè. Bàbá wà ní ọ̀nà jíjìn níbi tó ti ń wọn ilẹ̀. Ó pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n má fi abẹ kan ìyàwó òun kí òun tó dé. Dókítà ní kò sí àyè ìdúró. Ọmọ náà gbà, wọ́n là á, ìyá ò jí mọ́. Nígbà tí bàbá dé, ó wo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lójú, ó ní, "Ẹni tó pa ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ mi." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó dìgbà yẹn, Ìyá Kékeré ni bàbá máa ń pè é, torí ọmọ yẹn ò tíì ga ju ẹsẹ̀ tábìlì lọ tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n lọ wẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ wáyé, "ẹni yẹn" ni bàbá ń pè é.

Ìgbà tí Alásè máa gbójú wo fíìmù, ìyá arúgbó inú rẹ̀ ti ń to àwo. Ọmọ kékeré kan tẹ̀ lé e, ó ń da ìbéèrè bò ó. Ọ̀rọ̀ tí Atukọ̀ kọ wá ń jáde nísàlẹ̀, funfun báláú.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dojú eléyìí bolẹ̀?"

"Àwo òkú ni."

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin."

"Ṣebí mo rí i lọ́jà láàárọ̀?"

"Kò kú. Bàbá rẹ ló sọ pé ó ti kú."

Alásè tún un kà kó tó pa rẹ́, bóyá ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ojú rẹ̀ kọ́. Ó rántí ọmọ tó ń bọ̀, ó rántí àga tó ti yàn fún un. Ó rọra na ọwọ́ sí àwo náà nínú òkùnkùn. Ọwọ́ mìíràn tó tutù bà lé ọwọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ sí i létí.

"Bùrọ̀dá mi, mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò—"

"Ta ni àlejò tó ń bọ̀?"

Ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ níta. Nínú fíìmù, ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin náà ti inú yìnyín wọlé. Nínú yàrá wọn náà, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ará inú fíìmù fa àga, wọ́n jókòó, Atukọ̀ sì ṣe ohun tó máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ó dá fíìmù dúró, ó tanná.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ léjìká. Ó rí bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ó dára," Alága sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "O pe gbogbo ayé jọ kí wọ́n wá fi mí ṣe fíìmù wò." Ó fa àga sẹ́yìn, ó dìde.

"Alága, ẹ jókòó," Ìyá Olóògùn ní.

"Ilé mi ni mò ń lọ."

"Ẹnikẹ́ni kì í dìde kí gbogbo èèyàn tó dáhùn. Ta ló ṣòfin yẹn? Ṣé èmi ni?"

Bàbá wò ó bí ẹni pé kó gbá a létí. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ẹni tó bá fi okùn òfin de gbogbo èèyàn, ó yẹ kó mọ̀ pé okùn náà gùn dé ọrùn ọwọ́ tirẹ̀.

Àga kan ṣoṣo ló ṣófo. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Ó wá sí ìdí àga náà. Kò tíì rí ohun táwọn yòókù kà, nítorí náà ó na ọwọ́ láti ṣí àwo rẹ̀.

"Má ṣí i!" Onígbàjámọ̀ ké.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

Alásè rí i pé kò sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ yìí sọ fún òun. Ẹni tó ni ẹrù ló ń gbé e. "Ọmọ mi, àṣìṣe mi ni," ó ní, omi ti lé sí i lójú. "Mo rò pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ ni. Àwo òkú ni, níbẹ̀ yẹn. Bàbá ọmọ tó ni ín ló sọ pé ó ti kú. Ọmọ náà ò sì kú."

Nọ́ọ̀sì wo àwo náà pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Àǹtí mi, ẹ ò ṣàṣìṣe," ó ní. "Wọ́n to tábìlì yìí dáadáa." Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Alásè bu ọbẹ̀ fún àwọn yòókù, ó ń dà á sórí aṣọ tábìlì. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò sẹ́ni tó ń jẹun náà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó ń wá ilẹ̀ tó máa lanu gbé e mì. Ó ti fẹ́ fi oúnjẹ so wọ́n pọ̀, ó wá jẹ́ pé òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú bàbá rẹ̀, lójú àwọn aráàlú.

Alága gbá ṣíbí mọ́ ife. Ó fẹ́ kó parí, kó máa lọ. "Ọmọbìnrin yìí délé, ó bá àwo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe? Onígbàjámọ̀."

"Èmi? Màá padà lẹ́nu ọ̀nà ni. Màá lọ ra búrẹ́dì jẹ lọ́nà, màá sì bu iyọ̀ sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó pa ẹnu dé.

"Ìyá Olóògùn, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Màá wọ ilé ìdáná, màá mú àwo mìíràn. Àwo pọ̀ láyé."

"Atukọ̀."

Atukọ̀ họ orí. "Màá bẹ bàbá náà. Bí ọwọ́ òsì bá na ọmọ, ṣebí ọ̀tún ló ń fà á mọ́ra."

"Àbúrò mi?"

"Màá sunkún," Alásè ní. Òótọ́ sì ni, torí ó ti ń sun ún.

"Ó parí," Alága ní. Ó tún gbá àga mú.

"Ẹ fo ẹnì kan," Ìyá Olóògùn ní.

"Mi ò fo ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fo ẹnì kan, Alága. Ẹni tó jókòó tì yín."

Bàbá ò yí ojú. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Atukọ̀ ló wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ọmọ náà: "Nọ́ọ̀sì, bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe?"

"Màá jókòó," ó ní. "Bí mo ṣe jókòó yìí." Ó gbójú sókè kúrò lára àwo. "Wọ́n ti bi mí nírú ìbéèrè yìí rí. Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni wọ́n ti bi mí. Kò sí ọbẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tá a jọ máa jíròrò. Dókítà ní bí àwọn ò bá là á, kò ní rí òwúrọ̀. Bí àwọn bá là á, ó ṣeé ṣe. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, irora ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Mo dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Bàbá mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ̀ bá ṣe?"

"Alága kì í dáhùn," bàbá ní.

"Alága kọ́ ni mo bi."

Bàbá di ṣíbí rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Alásè fẹ́ sọ̀rọ̀, fẹ́ bẹ̀bẹ̀, fẹ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyá Olóògùn mi orí sí i pé kó dákẹ́. Ọbẹ̀ ń tutù. Ètè bàbá ń gbọ̀n bí ti ọmọdé tó ti ṣubú, tí kò tíì mọ̀ bóyá kóun ké.

"Ìyá ẹ," ó ní, ó sì dúró. Ó tún un mú. "Ìyá ẹ ò fẹ́ràn kéèyàn fi iṣẹ́ falẹ̀." Ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá ní kí wọ́n là á."

Nọ́ọ̀sì bo ojú.

Bàbá na ọwọ́. Ó gbé ṣíbí tó dábùú àwo kúrò, ó dojú àwo sókè. Ó fa ìkòkò mọ́ra fúnra rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ sí i, ẹ̀wà púpọ̀, kábéèjì díẹ̀, torí ọmọ náà ò fẹ́ràn kábéèjì láti kékeré. Ó gbé e síwájú rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n ti ṣí i níbẹ̀ yẹn.

Ó wá bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó fajú ro.

"Ìyá Kékeré," ó ní, "bá mi mú iyọ̀ wá."

Onígbàjámọ̀ fò dìde díẹ̀ lórí àga. "Alága, ṣebí iyọ̀ ò sí lórí tábì—" Ìyá Olóògùn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, tó tún ń ṣí òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni iyọ̀ wà, ní gbangba, níbi tí afọ́jú pàápàá lè fọwọ́ bà á. Alásè fẹ́ lọ fi hàn án, ó rò ó wò, ó padà jókòó.

Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ò jẹun, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ṣé o rí i?" ó béèrè.

"Mo ti rí i, Bàbá mi." Wọ́n gbọ́ tó ń fọn imú. "Mò ń bọ̀."

Bàbá fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá.